Lẹ́tà sí Àǹtí mi tó ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Àǹtí mi,

Ọmọ kan ti bárò wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Arówómọlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, fọ́tòkọ́pì ló wà nínú ẹ̀, irú tiyín gẹ́lẹ́, oòrùn ti sọ ara ẹ̀ di pípọ́n, ìdérí òkè ti já, wọ́n ti yọ tónà ẹ̀ lọ. Ó ní wọ́n júwe mi fún òun pé mò ń ra kóńdẹ́mù, ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́. Mo ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mi ò tiẹ̀ bá a ná an, iye tó pè ni mo san kó lè tètè máa lọ, torí omi ti ń bọ̀ lójú mi, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ rí i.

Wọ́n ṣe ìrántí ọdún kan yín nílé, gbogbo ẹbí wá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa yín dáadáa, pé ẹ jẹ́ onínúure, pé ẹ tọ́mọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, bíi pé gbogbo ọdún tẹ́ ẹ fi dúró nídìí ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ ń báìńdì próójẹ́ẹ̀tì fáwọn sítúdẹ́ǹtì títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kò jẹ́ nǹkankan. Ó dùn mí gan-an. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹ lónìí, ìyẹn fífi ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí (CNC) gbẹ́ pákó, abẹ́ káńtà yín ló ti bẹ̀rẹ̀, èmi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí lọ́wọ́ Dádì nígbà tí wọ́n ní mo ti sọ ilé di ààtàn. Ẹ ní kí n kó gbogbo pàǹtí mi wá sọ́dọ̀ yín. Ìgbà tí fọ́tòkọ́pì yín wá kú pátápátá, tí ẹni tó ń tún un ṣe ní kò sí ohun tóun tún lè ṣe sí i mọ́, ẹ ò bínú, ẹ wo ojú mi, ẹ ní, “Ó yá, tú u, ká rí ohun tó wà níkùn ẹ̀ tó fi ń gbowó lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ yìí.”

Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ yẹn. Ródì méjì tó ń dán gbinrin, tó gùn, tó tọ́, orí wọn ni iná tó ń wo ìwé máa ń gùn lọ gùn bọ̀. Bẹ́líìtì eléyín. Pawa tó ń gbé fóòlítì 24 jáde. Àwọn ike kékeré tó là sí méjì, tí iná tójú ò rí ń gba àárín wọn kọjá, tí nǹkan bá ti dí i, ẹ̀rọ á mọ̀ pé òun ti dé etí. Àti mọ́tọ̀ sítẹ́pà mẹ́ta. Ìyẹn gan-an lojú ọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn printer kéékèèké tí wọ́n ń kó wọlé báyìí, mọ́tọ̀ lásán tó kàn ń yí bíríbírí ló wà nínú wọn, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún irú iṣẹ́ tèmi. Sítẹ́pà ní tiẹ̀, ìṣísẹ̀ ló ń gbé, irú tiwa yẹn máa gbé 200 kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, ibi tẹ́ ẹ bá ní kó dúró sí náà ló máa dúró sí.

Wáyà mẹ́rin ló jáde lára ẹ̀, a ò sì mọ èyí tó bá èyí tan. Mo ní ẹ so méjì pọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí ọ̀pá ẹ̀, tó bá rọ̀, wọn kì í ṣe ìkan náà, tó bá le lọ́wọ́ yín, kọ́ìlì (wáyà wíwé inú ẹ̀) kan náà ni. Ẹ fi ìka tí tónà ti wọ̀ yẹn yí i, ó rọ̀, ẹ so òmíì, ó rọ̀, ẹ so ẹ̀kẹta, ó le gbagidi, lẹ bá pariwo, “Ó dì mí mú!” Àwọn tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì lọ́dọ̀ ará ẹ̀gbẹ́ yín bojú wò wá. Ẹ̀yin lẹ ṣe sítẹ́pà méjì tó kù fúnra yín, ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn: ẹ̀yin lẹ ṣe é fúnra yín.

Mo tún rántí bẹ́ ẹ ṣe gbé kakulétọ̀ jáde. Thread rod M8, irin gígùn tó ní eyín bíi ti bóòtù, tí mo rà ní Tákíè, tó bá yí po lẹ́ẹ̀kan, mílímítà 1.25 ló ń ti nǹkan lọ, ẹ fi 1.25 pín 200, ó jáde ní 160, mo ní ìyẹn ni pé ìṣísẹ̀ 160 ni kọ̀ǹpútà máa kà kí ẹ̀rọ tó rìn mílímítà kan. Ẹ kọ 160 yẹn sẹ́yìn ìwé rìsíìtì. Ẹ wá bi mí pé sọ́fítíwíà wo ló máa darí ẹ̀, ta la máa sanwó fún. Mo ní kò sí owó níbẹ̀. Ẹ ò gbà. Mo ṣàlàyé pé ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, NIST, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láwọn ọdún 1990, EMC ló ń jẹ́ nígbà yẹn, wọ́n fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ káàkiri sì ń tún un ṣe lọ, ọdún 2011 ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí LinuxCNC. Ẹ dákẹ́ fúngbà díẹ̀, lẹ bá nawọ́ sí sísítẹ́ẹ̀mù àtijọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì, èyí tó ṣì ní ojú ihò 25 tí wọ́n fi ń so printer láyé ọjọ́un, ojú ihò yẹn gan-an ni mo sì nílò torí ojú USB ò lè ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ẹ ní kí n máa gbé e lọ tí mo bá ti parí ilé tó máa wà.

Ṣé ẹ ti rí i? Ẹ mọ ohun tó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gba ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ.

Mo lọ síbi ìsìnrúùlú, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú Ghana-must-go, ródì, sítẹ́pà, pawa, mo sọ ọ́ sábẹ́ káńtà, ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀. Mo dé, àpò ò sí níbẹ̀, sísítẹ́ẹ̀mù ò sí níbẹ̀. Mo bi yín. Ẹ ní àwọn tó ń ra irin kọjá, ẹ rò pé pàǹtí ni. Ẹ sì yíjú sí kọ́sítọ́mà.

Pàǹtí ni, Àǹtí mi? Èyí tó dì yín lọ́wọ́ mú tẹ́ ẹ fi pariwo? Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n fi kílò wọ̀n ọ́n pẹ̀lú páànù jíjẹrà, ródì tó tọ́ bẹ́ẹ̀! Iye tí wọ́n san ò lè tó nǹkan. Tó bá jẹ́ owó lẹ nílò, ẹ ò bá pè mí lórí fóònù, alawí tí mò ń gbà níbẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ǹ bá fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú yín, ìyá tó ń ta kádì létí ṣọ́ọ̀bù yín sọ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ kọ́kọ́ lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹlòmíì ní owó iléèwé ọmọ ni. Ẹlòmíì ní Dádì ló wá bá yín jà nítorí mi. Èwo ni ká wá mú níbẹ̀? Ẹnu yín nìkan ló lè sọ ọ́, ẹ sì kọ̀, a jọ jẹun, a jọ ṣọdún, a jọ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò sọ ọ́.

Mo padà ṣe ẹ̀rọ náà ṣá. Kò sí kọ̀ǹpútà olójú ihò 25 mọ́, mo bá lo sọ́fítíwíà míì, GRBL, ará Norway kan, Simen Svale Skogsrud, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2009, orí Arduino, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ló ń sá lé, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kò sí ródì, mo bá lo irin dúrọ́ọ̀ tí mo tú lára tábìlì ọ́fíìsì. Irin dúrọ́ọ̀ máa ń mì. Ohun tó bá yẹ kó rí róbótó á jáde bí ẹyin. Mo ti di í, mo ti fi sípíríǹgì fà á, ó dín kù, kò tán. Nígbàkigbà tí káfíńtà kan bá gbé pákó padà wá pé òdòdó tí mo gbẹ́ sára ilẹ̀kùn òun wọ́, ẹ̀yin ni mo máa ń rántí, orí mi á gbóná. Mo mọ̀ pé òkú ò ṣe é bá jà.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ródì. Sítẹ́pà ò lójú tó fi ń wo ibi tó dé, kíkà ló ń kà, tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, kíkà yẹn ti nù nìyẹn, ẹ̀rọ ò mọ ibi tó wà mọ́. Mo ti fi irú àwọn ike olójú iná yẹn sí etí ẹ̀ kó lè máa padà lọ wá ilé kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ bíìtì, irin ẹnu ẹ̀ tó ń gbẹ́ pákó, tó bá ti há sínú ìrókò nígbà tíná lọ, kíkán ló máa kán, bíìtì ọ̀hún sì ti wọ́n kọjá ohun tí mo lè máa rà lemọ́lemọ́. Àwọn káfíńtà tí mo gbójú lé ti ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, wọ́n ní ẹ̀rọ China ńlá wà níbẹ̀, ó yá ju tèmi lọ. Owó ṣọ́ọ̀bù ti tó san. Ọmọ mi kejì ò tíì padà síléèwé látìgbà tí wọ́n wọlé. Bàbá kan wá láti Ìlọrin, ó ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ náà bó ṣe wà yẹn, ìyàwó mi gbọ́ iye tó pè, kò sì jẹ́ kí n sùn mọ́, ó ní kí n tà á ká fi yanjú ilé. Bí mo bá sì là á fún un pé mi ò lè tà á, á bi mí pé kí ló wà lára irin.

Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ tà á, Àǹtí mi. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún un?