Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ Kú Iṣẹ́ Ọdún

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi,

A kú ọdún, a kú ìyèdún. Ọlọ́run tó mú wa rí òpin ọdún yìí, yóò mú wa rí ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyọ̀ àti ní àlàáfíà. Ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí la ó fi pa ọdún dé. Mo ti bẹ akọ̀wé ìjọ pé kó bá mi kó ìkéde lọ sí ojú ewé ẹ̀yìn, torí ọpẹ́ pọ̀ lọ́rùn mi, n kò sì fẹ́ kí àyè há mọ́ ọn.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Róòmù orí kẹrìndínlógún. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í dé ibẹ̀. Bí a bá ti ka orí kẹjọ tí a ṣe hàlelúyà sí i, tí a wá kan orí kejìlá, ó ti parí lójú wa. Orí tó gbẹ̀yìn yẹn kò jọ ohun tí èèyàn lè fi wàásù: Fébè, Pìrìsílà àti Àkúílà, Tírífénà àti Tírífósà, Rúfù àti ìyá rẹ̀, orúkọ lé orúkọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni Pọ́ọ̀lù tó fi odindi ìwé kọ́ wa nípa ìdáláre àti oore-ọ̀fẹ́ ló fara balẹ̀ tó ń kí wọn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tó ń sọ ohun tí wọ́n ṣe. Fébè ti Kenkéríà ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, àti Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Pìrìsílà àti Àkúílà fi ẹ̀mí ara wọn wewu nítorí rẹ̀, inú ilé wọn ni ìjọ sì ti ń pàdé. Ìyá Rúfù, ó ní ìyá tòun náà ni. Kò sọ ohun tí màmá náà ṣe fún un, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá oníyìí bá ti bu oúnjẹ fún rí ní ìlú àjèjì kò nílò àlàyé. Gáíù ló gbà á sílé. Tértíù, ẹni tó ń kọ lẹ́tà náà bí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ ọ́, yọjú ní ẹsẹ kejìlélógún, ó fi ẹnu ara rẹ̀ kí àwọn ará. Inú mi máa ń dùn sí ẹsẹ yẹn. Akọ̀wé tó ti ń kọ̀wé bọ̀ láti orí kìíní, wọ́n jẹ́ kó kí èèyàn!

Ìwé Róòmù yìí náà ni Àjàyí Crowther kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní èdè wa, lọ́dún 1850. Bíbélì kò pé lódindi títí di ọdún 1884. Orúkọ Crowther la máa ń dá, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ Thomas King wà níbẹ̀ tí wọ́n jọ ń túmọ̀, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń kà á, tí wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n ń jiyàn lórí bí a ó ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìbàdàn tiwa ńkọ́? Ọdún 1853 ni David Hinderer, míṣọ́nnárì òyìnbó, mú Anna aya rẹ̀ wá síbí, wọ́n sì fìdí iṣẹ́ kalẹ̀ sí Kúdẹtì. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1860, ọ̀nà etí òkun dí mọ́ wọn lórí. Ẹrù kò wọlé, owó kò wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò ilé jẹun. Wọn kò lọ. Lọ́dún 1869, nígbà tí ara Anna kò gbà á mọ́, wọ́n padà sí ìlú wọn. Ta ló wá kù? Daniel Olúbí ni, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà èwe, àti Okuseinde, àti Allen, àti àwọn onígbàgbọ́ Ìbàdàn fúnra wọn. Olúbí kò tíì gba oyè kankan nígbà yẹn. Ọdún 1871 ni wọ́n tó fi í jẹ díákónì. Ẹni tó bá rò pé láìsí àlùfáà ìjọ kò lè dúró, kó lọ wádìí ìtàn Kúdẹtì.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé orúkọ mi lẹ kọ sára pátákó tó wà lójú títì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ ọdún yìí. Mi ò sọ ọ́ láti fi ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo rí i.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ yín kì í dé. Bí ìsìn bá parí, tí ẹ ń kí ara yín lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn mẹ́rin kan wà nínú yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ tí wọn kò tíì fi omi kan ẹnu. Wọ́n á da igbá ọrẹ sórí tábìlì. Náírà àádọ́ta lọ́tọ̀, ọgọ́rùn-ún lọ́tọ̀, igba lọ́tọ̀, títí dé ẹgbẹ̀rún. Èyí tó bá rún, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. Èyí tó bá ya, ọ̀kan nínú wọn ní sẹlotéèpù nínú báàgì rẹ̀, owó ara rẹ̀ ló fi rà á, á lẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kí báńkì má bàa kọ̀ ọ́. Náírà àádọ́ta kan wà tó máa ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó ń mú un wá á ká a títí yóò fi kéré bí èékánná. Gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín, wọn kò sì fẹ́ mọ̀. Wọ́n kàn ń tú u pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ń nà án, wọ́n ń tò ó mọ́ àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà wọ́n á ka owó lẹ́ẹ̀mejì, ẹni méjì á fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Wọ́dìn. Kọ́bọ̀ kò dín láàárín tábìlì yẹn àti báńkì lọ́dún yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri mọ̀ pé irú èyí tó ọpẹ́ lọ́tọ̀.

Ẹ kò ní tíì gbàgbé awuyewuye ìgbìmọ̀ ìjọ lórí ìsìn aago mẹ́wàá, bóyá kó di ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí kó dúró ní Yorùbá. Bàbá kan dìde, ó ní òun kò ní pa Bíbélì tí bàbá òun kà títí dójú ikú tì nítorí àwọn tó ń fi imú sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́ kan dá a lóhùn pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ pé, "Ẹ má bínú sà, Bàbá, àwọn ọmọ yín ló ń jókòó níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò yé." Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ibi tí a fi í sí, ẹ mọ̀ ọ́n: Yorùbá ni, àfi Ọjọ́ Ìsinmi kẹta oṣù, àwọn ọmọ ni yóò sì máa ka ẹ̀kọ́ kìíní. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ta kò mí ní gbangba ìpàdé yẹn, pàápàá ẹni tó ta kò mí jù, tó tún wá kí mi nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, tí a jọ jẹ ẹ̀bà. Ìjọ tí gbogbo èèyàn bá ti ń sọ "bẹ́ẹ̀ ni, sà" níwájú àlùfáà, tí wọ́n wá ń ṣe ìpàdé gidi nínú ọkọ̀ níta, ẹ̀rù irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ń bà mí.

Ta wá ni yóò kọ́ àwọn ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ di alẹ́ ní kíka Bíbélì Yorùbá? Màmá wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò dúró kí ẹnikẹ́ni yan òun. Mo yà sọ́dọ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan. Àwọn ọmọ jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá ń fi rúlà lu apá àga: dò, re, mí, dò, re, mí. Ọmọ tó bá ka ẹsẹ kan tí ohùn rẹ̀ kò ṣì á gba bisikíìtì. Ọmọ tó bá ṣì í náà á gbà á, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ tún ẹsẹ náà kà. Ẹ rí èso rẹ̀ níbi ìsìn ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ọmọdébìnrin yẹn dúró lórí àpótí kí ojú rẹ̀ lè tó Bíbélì, tó ka Aísáyà láìfi ìka tọ ọ̀rọ̀. Mo rí àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n ń wá áńkáṣíìfù.

Nígbà òjò, arákùnrin wa kan wà lórí ibùsùn ní UCH, àwọn ẹbí rẹ̀ sì jìnnà. N kò tíì parí ìkéde náà tí Ẹgbẹ́ Ìyá fi pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ẹni tó ni Mọ́ńdè gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹni tó ni Túsìdè gbé àmàlà (mo gbọ́ pé nọ́ọ̀sì bínú díẹ̀ sí gbẹ̀gìrì), bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ó fi padà sílé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì lọ fún un lẹ́jẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ láti kékeré, ó ní kí n di òun lọ́wọ́ mú. Mo dì í mú. Arákùnrin náà ti padà sí ìjókòó rẹ̀ lápá òsì, ó ń kọrin burúkú bíi ti tẹ́lẹ̀, a sì ń yọ̀.

Epo bẹntiróòlù kò ṣeé rà mọ́, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ ló dá owó sólà sílẹ̀, Ẹgbẹ́ Bàbá fi tiwọn kún un, oníná méjì nínú ìjọ gun òrùlé láìgba owó iṣẹ́. Fáànù ń fẹ́, maikirofóònù ń dún, jẹnẹrétọ̀ ń sinmi.

Ẹgbẹ́ akọrin ni ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára jù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn tẹ́nọ̀ wa ń jápa, ọ̀kan sí Kánádà, òmíràn sí Ìlú Ọba, a ń gbàdúrà ìrìn-àjò fún wọn, a sì ń pàdánù ohùn. Olórí akọrin kò ráhùn. Ó lọ bá àwọn bàbá tó ti gbé aṣọ akọrin kọ́ láti ọdún pípẹ́, ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi sọ ọ́ kalẹ̀. Aṣọ ti fún àwọn kan lára wọn. Wọ́n ń wá sí ìdánrawò ní alẹ́ Tọ́sìdè, àwọn tí orúnkún ń dùn, wọ́n ń fi awò wo dò-re-mí lára pátákó. Àwọn tó wà lókè òkun náà kò gbàgbé wa. Owó tí wọ́n fi ṣọwọ́ nígbà Ìkórè la fi tún dùùrù ṣe.

A sin àwọn àgbà tó gbó tó sì tọ́, a sì sin àwọn tí ojú wa kò yẹ kó rí òkú wọn. N kò ní kọ púpọ̀ lórí èyí. Àwọn tí ọgbẹ́ wọn ṣì tutù ń ka ìwé yìí. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò sí ilé ọ̀fọ̀ kankan lọ́dún yìí tí mo dé tí mi ò bá ọmọ ìjọ kan níbẹ̀ tó ti ń gbálẹ̀ tàbí tó ń to àga. (Ní ti àga: mẹ́fà kò tíì padà dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, a kò ní bèèrè ohunkóhun, ẹ kàn gbé wọn síbi ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́.)

Àwọn léè-rídà tó wàásù nígbà tí mo wà ní sínódì, ẹ ṣeun. Fájà wa tó ń lu agogo kí ẹyẹ tó ké, ẹ ṣeun, sà. Ìyá Ìjọ ní kí n má kọ nǹkan kan nípa òun, mo sì gbọ́dọ̀ padà sílé lónìí.

Mo fẹ́ dárúkọ gbogbo yín bí Pọ́ọ̀lù ti ṣe, Wọ́dìn ló kọ̀. Wọ́n ní, "Fíkà, ẹni tí ẹ bá gbàgbé kò ní kí yín títí di ọjọ́ Àjíǹde." Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Nítorí náà, mo ti ní kí akọ̀wé lẹ bébà gígùn kan mọ́ pátákó ìkéde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ńlá. Orúkọ tí mo rántí ti wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí oníkálùkù ṣe. A so báírò mọ́ ọn. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ tí ojú mi kò tó o, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má kọ ti ara yín, ẹ kọ ti ẹlòmíràn. A ó ka gbogbo rẹ̀ sókè níwájú pẹpẹ lóru àìsùn ọdún tuntun, kí a tó kúnlẹ̀ fún àdúrà aago méjìlá. Aago mẹ́wàá alẹ́ la ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ aṣọ òtútù fún àwọn ọmọdé, ọyẹ́ ti dé.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Fíkà yín