Àlàní, ṣé o ṣì rántí ohùn rẹ̀?

Ìtòkò, Abẹ́òkúta.

Àlàní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mú yín jù, àbí? Mo yà kí màmá yín lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́.

Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní kí ló dé tí mo fi ń sáré lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Láfẹ́ńwá torí ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó tó ń fa ẹrù, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun wà ní Ládèrín. Èmi náà ń wọ ti Ládèrín o. Láti 2021 tó ti ń kó èrò ni mo ti ń bá a lọ sí Èkó, ó sì tù mí lára: ojú irin rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 1,435, ti àtijọ́ kò ju 1,067 lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, n kì í bojú wẹ̀yìn.

Ṣé o rántí ìyá àgbà mi, tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà Láfẹ́ńwá? Bí ọkọ̀ bá ṣì jìnnà, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí i, wọ́n á ti ní, "Ẹrù lèyí, kì í ṣe èrò." Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń gbọ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì inú ọkọ̀ yẹn kì í yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń pèsè, iná yẹn ló ń yí àwọn mọ́tò tó wà nídìí ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi máa ń ṣáájú ìrìn. Wàá gbọ́ tó ń kùn, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ bàtà rẹ, èéfín dúdú á rú sókè, síbẹ̀ ọkọ̀ ò tíì kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà ni ìkọ́ tó so àwọn wágọ́ọ̀nù pọ̀ á wá máa fà le lọ́kọ̀ọ̀kan, gbà, gbà, gbà, títí ìrìn á fi kan èyí tó gbẹ̀yìn. Bí ojú irin bá ń yọ̀, awakọ̀ á tú iyanrìn síwájú ẹsẹ̀ kó lè rí nǹkan tẹ̀. Àlàní, báwo ni mo ṣe fẹ́ rí irú làálàá yẹn kí n má dúró wò ó?

Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń kì í bí ẹni ń ki ọmọ. "Class" ni wọ́n ń pe irú ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Class 37, tí wọ́n ṣe 309 láàárín 1960 sí 1965, "Tractor" ni wọ́n ń pè é torí pé ó ń dún bíi katakata. Class 20, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 1,000, "Chopper" ni, torí ohùn rẹ̀ jọ ti hẹlikópítà. Nígbà tí Class 66 dé lọ́dún 1998, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà, "Shed" ni wọ́n sọ ọ́, pé ó jọ ahéré páànù. Ṣé o rí i? Etí ni wọ́n fi sọ àwọn ti àtijọ́ lórúkọ, ojú ni wọ́n fi sọ ti tuntun.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, kó àwọn ọmọ lọ sí mùsíọ́mù rélùwéè tó wà nílùú yín, wọn kì í gba owó ìwọlé. Àwọn ló ni D6700, àkọ́bí Class 37. Ṣùgbọ́n èyí tó dákẹ́ kò tó mi. Bí àyè bá yọ, dé Pickering, níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ àtijọ́ fún ìgbafẹ́, kí o béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa gbé dísẹ́ẹ̀lì jáde. Fi fóònù gba ohùn rẹ̀ látìgbà tó bá ti ń mí lójú kan, má ṣe dá a dúró títí á fi lọ tán.

Ojú ìyá àgbà kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì já geere. Mo fẹ́ gbé e sí wọn létí, kí n bi wọ́n bóyá ẹrù ni àbí èrò.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkànbí