Ẹ fún àwọn ìyá wa ní kẹ̀kẹ́ oníná, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ bátìrì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú àwọn tó ń ṣètò ìrónilágbára ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: kí wọ́n máa fún àwọn obìnrin alábàárù ní kẹ̀kẹ́ márúwá tó ń lo iná. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta la ti ń pín fún obìnrin láti ọjọ́ pípẹ́. Wọn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo láàárọ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá ń já ẹrù. Àwọn opó àtàwọn ìyá tó ń dá tọ́mọ ló pọ̀ nínú àwọn alábàárù ibẹ̀. Òṣùká lórí, àpò gààrí lórí òṣùká, wọ́n á rù ú dé ẹ̀bá títì. Onímárúwá tó máa wá gbé ẹrù yẹn dé Òkè-Fìà ló ń gba owó tó nítumọ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ elépo fún olówó rẹ̀ á ra epo, á san délífà, kó tó ku ohun tó máa gbé délé. Kẹ̀kẹ́ oníná kò lo epo, kò lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ní ìparí ọdún 2024, bátìrì tó ń gba yúníìtì 7, tí a bá fi iná Band A, ìyẹn iná olówó gọbọi, ṣàájì rẹ̀, nǹkan bíi 1,500 náírà ni. Owó yẹn ò lè ra lítà epo méjì nígbà náà.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní Sìmbábúè láti ọdún 2019. Iléeṣẹ́ Mobility for Africa ló ń yá àwọn obìnrin abúlé ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta oníná tí wọ́n ń pè ní Hamba. Wọ́n máa ń kóra jọ yá a, wọ́n á fi kó irè oko lọ sọ́jà. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ibùdó tí wọ́n ti ń fi oòrùn ṣàájì. Bí bátìrì ọwọ́ ẹni bá ti tán, á gbé e sílẹ̀ níbẹ̀, á gbé èyí tó kún.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé bátìrì ló wọ́n jù lára kẹ̀kẹ́ náà, ó sì máa ń gbó. Bí a bá fún opó ní kẹ̀kẹ́, tí bátìrì wá kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, níbo ló ti fẹ́ rí owó òmíràn? Àfi kó lọ yá owó gbọ́múlélàńtà. Bí kò bá yá a, ẹ̀yìnkùlé ni kẹ̀kẹ́ máa wà tí adìẹ á máa yé sínú ẹ̀.

Ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà ní Òṣogbo níbí, síbẹ̀ iná àdúgbò wa kò ṣeé gbọ́kàn lé. Sólà ni kí wọ́n gbé sórí òrùlé ìsọ̀ ọjà, ní Ìgbọ̀nà àti nítòsí Ọjà Ọba. Kí bátìrì jẹ́ ti ibùdó, kí kẹ̀kẹ́ jẹ́ ti obìnrin. Kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí ìwé kẹ̀kẹ́ sì wà lórúkọ òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe lórúkọ ọkọ tàbí àbúrò ọkọ. Kí wọ́n kọ́ àwọn kan nínú wọn níṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹgbẹ́ onímárúwá má sì lé wọn ní páàkì.

Àwọn ìyálọ́jà mọ àwọn tí ọwọ́ kò tẹ́nu nínú alábàárù wọn. Kí ìjọba bi wọ́n kí orúkọ tó wọ ìwé.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ayétòrò, Òṣogbo.