Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Lórí 4,294,967,297

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní wọ́n ní kí o wádìí bóyá prime ni 4,294,967,297, pé bóyá kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. O ti wá ń fi 3, 7, 11, 13 pín in lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. O kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bá a lọ báyìí, ó di ìgbà tí o bá dé nǹkan bíi 65,536 kí ọkàn rẹ tó balẹ̀, prime 6,542 ló sì wà kí o tó débẹ̀. Gbé kálámù kalẹ̀ ná.

Wo ibi tí nọ́ńbà náà ti wá. Kọ 2 sílẹ̀ nígbà 32, sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ ara wọn, fi 1 kún un: òun nìyẹn. Ó ní ẹ̀gbọ́n márùn-ún tí ọ̀nà kan náà bí, níbi tí 2 ti jẹ́ ẹyọ kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ àti 16. Àwọn ni 3, 5, 17, 257 àti 65,537, prime sì ni gbogbo wọn. Ní 1640, Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó kù yóò ṣe rí. Àgbà ni Fermat, mi ò fojú di í, ṣùgbọ́n márùn-ún kì í ṣe gbogbo.

Ní 1732 ni Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, fi hàn pé èrò yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Kò pín in bí o ṣe ń ṣe yẹn. Ó kọ́kọ́ wádìí irú prime tó tiẹ̀ lè pín in, ó sì rí i pé tí a bá yọ 1 kúrò lára irú prime bẹ́ẹ̀, 64 gbọ́dọ̀ pín ìyókù láìṣẹ́kù. (Òfin Fermat fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí yìí dúró lé. Irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ bàbá náà, kò kàn lò ó síbẹ̀ ni.) Ó yá, kà á: 65 àti 129 kì í ṣe prime, fò wọ́n. 193, ó ṣẹ́kù. 257, ó ṣẹ́kù. Fò 321 àti 385. 449, ó ṣẹ́kù. Fò 513. 577, ó ṣẹ́kù. 641, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù! Ìpín márùn-ún péré.

Bí o bá fi 641 pín in, 6,700,417 lo máa rí. Fọwọ́ ara rẹ yẹ̀ ẹ́ wò, má lo kọ̀ǹpútà. 6,700,417 ní ìlọ́po 600 jẹ́ 4,020,250,200. Ní ìlọ́po 40, ó jẹ́ 268,016,680. Ro méjèèjì pọ̀, kí o fi 6,700,417 kún un.

Ní ti ẹgbẹ́ tó wà, semiprime ni, nítorí prime méjì péré ló so pọ̀ di í. Deficient náà ni, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn tó lè pín in láìṣẹ́kù, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, kò tó o bí a bá rò wọ́n pọ̀: ro 1, 641 àti 6,700,417 pọ̀, 6,701,059 lo máa rí, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn rárá. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò gba àlàyé gígùn.

Àbúrò rẹ̀ ló kàn, níbi tí 2 ti jẹ́ 64: 18,446,744,073,709,551,617. Má jẹ́ kí gígùn rẹ̀ dẹ́rù bà ọ́. Yọ 1 kúrò lára 274,177, fi 256 pín ìyókù, kí o wo ohun tí o máa rí. Lẹ́yìn náà, fi 274,177 pín àbúrò yìí. Wá ìwé tó fẹ̀ o.

Bàbá rẹ