Ẹni tó forí sọlẹ̀, ẹ má tètè gbé irin lé e lọ́wọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí síta, àwọn kóòṣì jíìmù àdúgbò wa ni mo ń bá wí. Wọ́n rò pé tẹ́nì kan ò bá ti dákú, tí ẹ̀jẹ̀ ò jáde, orí tó fi gbá nǹkan ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni o! Ọpọlọ lè mì nínú agbárí kójú èèyàn sì là sílẹ̀ kedere.

Àbúrò mi ọkùnrin já bọ́ lórí ọ̀kadà, ó forí sọlẹ̀, orí ń fọ́ ọ, kò pẹ́ ló padà sí jíìmù torí ara ti ń yún un, kóòṣì ní kó lọ síbi squat, ìyẹn kéèyàn gbé irin lé èjìká kó máa lóṣòó kó máa dìde, pé òógùn ló máa lé orí fífọ́ yẹn lọ. Bó ṣe gbé irin lé èjìká tó di èémí mú báyìí, ojú ẹ̀ ṣú, òòyì kọ́ ọ, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n bá a gba irin yẹn. Ẹni tó bá di èémí láti gbé nǹkan wúwo, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa ga lójijì, inú orí náà á sì le sí i, orí tí ò tíì jinná wo ló fẹ́ gbà á?

Mi ò ní kéèyàn wá sùn sílé fọ́sẹ̀ mẹ́ta o. Àwọn dókítà eré ìdárayá tó pàdé ní Amsterdam lọ́dún 2022 ní kéèyàn rọra sinmi fún wákàtí 24 sí 48, lẹ́yìn ìyẹn kó máa rìn tàbí kó gun kẹ̀kẹ́ tó dúró sójú kan. Tíyẹn bá lọ dáadáa, irin fúyẹ́ ló kàn, kó máa mí síta bó ṣe ń tì í sókè, kó má fipá mú un. Kó fún ìnira ẹ̀ ní máàkì láàárín 0 sí 10 kó tó bẹ̀rẹ̀, tó bá fi ju máàkì 2 lọ ga ju bó ṣe wà kó tó bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ju wákàtí kan lọ tí ò rọlẹ̀, kó gbé e sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Squat àti deadlift (gbígbé irin nílẹ̀ kéèyàn fi nàró) tó wúwo, ìgbẹ̀yìn nìyẹn. Ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ tàbí tó ń fi orí gbá bọ́ọ̀lù, dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ó yá.

Àmọ́ tó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ ń le sí i, tí gìrì mú un tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu ẹ̀, ọsibítù ni kíá, kì í ṣe àgbo.

Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ máa bi àwọn ọmọ yìí léèrè kẹ́ ẹ tó kó irin fún wọn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn