Ẹ́ẹ̀tì Méjì Ló Wà Lára Ẹ̀rọ Wẹ́dà: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ̀yin ọ̀gá wẹ́dà, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ra ẹ̀rọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù, ẹ kú iṣẹ́ o.

Púpọ̀ nínú yín ti ń bi wá léèrè ìdí tí a kì í fi í gbé ẹ̀rọ wẹ́dà ńlá fúnni mọ́ láìkọ́kọ́ béèrè bí iná ibi tó ń lọ ṣe rí. Àwọn kan ní à ń fa ọjà gùn. Ẹnìkan tilẹ̀ bínú, ó lọ ra tiẹ̀ níbòmíràn. N kò bá a wí, nítorí n kò tíì ṣàlàyé fún un nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nínú òjò oṣù Kẹjọ, nígbà tí àlejò Ọdún Ọ̀ṣun ti kún ìlú tí oníkálùkù sì ń lé iṣẹ́ géètì kó lè parí, oníbàárà wa kan pè mí pé kí n sáré máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù òun lọ́nà Ìkìrun. Ẹ̀rọ tó rà lọ́wọ́ wa kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó sórí táyà, ó ń fi ọwọ́ kan pa ìkejì léraléra. Ó ní òun kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin rárá. Òun kàn fẹ́ ti ẹ̀rọ wọ abẹ́ páànù kí òjò má bàa pa á. Bó ṣe gbé ọwọ́ lé e, iná gbé e. Sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rin gbingbin. Ọlọ́run ló yọ ọ́, nítorí ẹ̀yìn ló ṣubú sí, ìyẹn ni ọwọ́ rẹ̀ fi kúrò lára irin.

Mo bi ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ yìí dà?"

Ó na ọwọ́ sí kílíípù tó há mọ́ géètì tí wọ́n fẹ́ jó. Ó ní, "Òun kọ́ nìyẹn?"

Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ní ojú ihò tí wáyà iná gbà wọlé, ohun tó yẹ kó di wáyà mú ti jábọ́. Etí irin ti gé awọ wáyà lífù, ìyẹn èyí tí iná ń gbà wọlé, bàbà inú rẹ̀ sì ń kan ara ẹ̀rọ. Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tí a so mọ́ ọn láti ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n ti gé e kúrò nídìí. Wọ́n ní kí ló tún kù tó máa ṣe, ẹ́ẹ̀tì ṣáà ti wà níwájú.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Orúkọ kan náà ni a ń pe nǹkan méjì, orúkọ yẹn sì ń tan wá. Kílíípù tí a ń há mọ́ irin kì í ṣe ẹ́ẹ̀tì ní tòótọ́. Ọ̀nà àbọ̀ ni. Iná tó jáde láti hódà, ohun tí wẹ́dà ń dì mú, gba ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá tó ń yọ́ sójú iṣẹ́, kọjá, ó wọ inú irin, ó sì gbọ́dọ̀ padà sínú ẹ̀rọ. Kílíípù ló ń gbà padà. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí a wé sínú ẹ̀rọ, tó ń fún hódà àti kílíípù níná kò so pọ̀ mọ́ kọ́ìlì tí iná ìlú ń wọ̀, nítorí náà bí wáyà iná ìlú bá kan ara ẹ̀rọ, kílíípù kò lè ṣe ohunkóhun sí i. Ara ẹ̀rọ á kàn di lífù, á máa dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Ẹ́ẹ̀tì gidi ni wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó so ara ẹ̀rọ mọ́ ọ̀pá bàbà tí a rì mọ́lẹ̀. Ẹ kò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láéláé.

Ọ̀pá nìkan kò sì tó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná ni kò ní gbà pẹ̀lú mi níbí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilẹ̀ àti ọ̀pá yín fún wa ní óòmù 20, ìyẹn òdiwọ̀n bí wọ́n ṣe ń dènà iná. Tí iná fólítì 230 bá já sára ẹ̀rọ, áḿpù 11 àti ààbọ̀ péré ló máa gba ilẹ̀ lọ. Bíréékà áḿpù 40 yín kò ní gé nítorí ìyẹn, ara ẹ̀rọ á sì máa gbéni. Nínú ọyẹ́, tí ilẹ̀ gbẹ, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi bíréékà tó ń mọ̀ tí iná bá ń jò kún un, irú tó ń gé ní mílíáḿpù 30. Ó ń gbówó lórí díẹ̀, mo mọ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Kílíípù náà ní ewu tirẹ̀ tí a bá há a síbi tí kò yẹ. Ẹ há a mọ́ irin tí ẹ ń jó gan-an, nítòsí ojú iṣẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò. Tí ẹ bá há a mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù tó wà lókèèrè, iná ńlá yẹn á wá ọ̀nà mìíràn padà. Ó lè gba wáyà ẹ́ẹ̀tì dírílì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó yọ́ ọ láìsí ẹni tó mọ̀. Lọ́jọ́ tí dírílì yẹn bá bàjẹ́, ẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó gba ọmọ iṣẹ́ yín là ti jóná tipẹ́. Tó bá sì jẹ́ ara ọkọ̀ ni ẹ fẹ́ jó, ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì.

Ó ku ọ̀rọ̀ wáyà. Ẹ wo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ara ẹ̀rọ. U1 ni fólítì tó yẹ kí ẹ fún un. I1max ni áḿpù tó lè fà tó bá ń ṣiṣẹ́ dé òpin agbára rẹ̀. I1eff ni èyí tí wáyà gbọ́dọ̀ lè gbé láìgbóná, tí a bá ro ìgbà iṣẹ́ mọ́ ìgbà ìsinmi. Àwọn kan ṣì ń fi púlọ́ọ̀gì áḿpù 13 àti wáyà 2.5 mm² tí a fi ń ṣe súkẹ́ẹ̀tì ilé gbé ẹ̀rọ wẹ́dà. Ẹ gbé e wò: ẹlẹ́kítíróòdù géèjì 10, ní áḿpù 120, fólítì ojú iná tó bí 25. Wáàtì 3,000 nìyẹn. Lórí iná 230, áḿpù 13 ti pé, a kò sì tíì ka èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń jẹ. Lójú iṣẹ́, ó lè kọjá áḿpù 20. Kí ló fẹ́ mú kí púlọ́ọ̀gì yẹn má yọ́? Wáyà 6 mm² là ń fi sí ẹ̀rọ wẹ́dà ìnfátà áḿpù 200 tí ọ̀nà kò bá jìn. Ẹ̀rọ olóróró ńlá, èyí tí òróró inú rẹ̀ ń mú tutù, lè gba wáyà 10 tàbí 16 mm². Ẹ dá bíréékà tirẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fi lọ́ọ̀gì, irin kékeré tí a ń tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà, sórí wáyà kí ẹ tó dè é, ẹ má kàn lọ́ ọ mọ́ra. Wáyà ẹ̀kísíténsọ̀n tó ká bí ejò nílẹ̀ á gbóná, nítorí náà ẹ tú u tán.

Ẹ̀rọ tó lè gba 220 tàbí 380 ti jó lójú mi nítorí ìyípadà kan ṣoṣo. Ó wà lórí 220, oníṣẹ́ iná sì gbé féèsì méjì wá, iná bí 415 wọlé. Kí ẹ tó tan án, ẹ wo ibi tó wà, kí ẹ sì fi mítà wọn iná tó dé. Tí ẹ bá fẹ́ féèsì mẹ́ta, IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, ni kí ẹ lọ bá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òpó fún yín lóru.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ kí fáànù rẹ̀ lè mí, ẹ sì jìnnà sí epo jẹnẹrétọ̀ àti tínà. Tí ẹ̀rọ bá wà ní títàn, hódà tí a kò tíì fi jó nǹkan lè ní fólítì 80 lórí, nítorí náà ìbọ̀wọ́ gbígbẹ ni kí ẹ fi dì í mú, pàápàá tí òógùn bá ti bo ara.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná lórí bíréékà lónìí, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ kò bá rí wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó lọ dé ilẹ̀, ẹ má tan án mọ́, ẹ pè wá. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò fún ẹni tó bá wà ní Òṣogbo. Ará Ẹdẹ, Ìlobùú àti Ìkìrun á san owó ọkọ̀ nìkan. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá rà, kó fi fóònù ya mítà àti bíréékà rẹ̀ wá, ká jọ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Èmi tiyín ní ṣọ́ọ̀bù, Òṣogbo.