Aago ta lẹ ń tẹ̀lé?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ọmọ àdúgbò wa kan tó ń ṣiṣẹ́ dispatch ṣubú lórí ọ̀kadà nínú òjò, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí mo lọ kí i ní ọsibítù, fóònù ló ń bèèrè, torí aago iṣẹ́ inú rẹ̀ tó ń ka ìṣẹ́jú sí i lọ́rùn. Àyà mi já.

Ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn máa fi aago darí òṣìṣẹ́ ti pẹ́. Lọ́dún 1335, àwọn aláṣẹ ìlú Amiens nílẹ̀ Faransé gba àṣẹ lọ́dọ̀ Ọba Philip Kẹfà láti máa lu agogo fún òṣìṣẹ́: ti ìwọṣẹ́, ti oúnjẹ, ti ìpadà sẹ́nu iṣẹ́, ti ìṣíwọ́. Ẹ kíyè sí i, òṣìṣẹ́ kọ́ ló lọ tọrọ agogo o! Ìgbà yẹn náà ni aago onírin, tí irin wíwúwo ń fa eyín rẹ̀ yí, ń gorí ilé gogoro káàkiri. Kò ní ọwọ́ ìṣẹ́jú, ó sì máa ń ṣìnà gan-an lójúmọ́, síbẹ̀ ohun tó bá wí labẹ gé. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé ṣẹ́gun àwọn ará Flanders, ní Belgium òde òní, lọ́dún 1382, Philip mìíràn, dúkù tó ń ṣàkóso Burgundy, tú aago ìlú wọn kan, Kortrijk, ó kó o lọ sí Dijon, ìlú tirẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó di aago mú ló di ìlú mú.

Èmi náà rí i. Nílé iṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà, ọ̀gá ló ní kọ́kọ́rọ́ aago ẹnu géètì. Láàárọ̀, àkàrà ṣì ń jó wa lọ́wọ́, aago á ní a ti pẹ́. Nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú, aago ò ní gbà. Bàbá kan láàárín wa ń kọ wákàtí tirẹ̀ sẹ́yìn páálí sìgá. Ọjọ́ tí wọ́n gé owó wa, páálí yẹn la gbé síwájú ọ̀gá. Wọ́n sanwó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Fóònù olówó gọbọi lọ́wọ́, ẹ ò mọ iye wákàtí tí ẹ ṣe lánàá! Ṣé ó dìgbà tí ẹlòmíràn bá tún ṣubú? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹun kí ẹ tó gun ọ̀kadà. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ dúró, kí wọ́n yọ owó tí wọ́n fẹ́ yọ. Ẹ má dá nìkan lọ bá ọ̀gá, ẹ kó ara yín jọ. Kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ bi wọ́n pé aago ta la ó máa lò. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Èmi bàbá yín ni.